Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ọjà etí omi fún erékùṣù kan lọ́nà Àgbádárìgì

Ṣọ́ọ̀bù méjìlá wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí erékùṣù yìí. Wọ́n tò ní ìlà méjì, wọ́n ní ilẹ̀kùn onírin, páànù wọn ò jò. Ewúrẹ́ ló ń gbé inú wọn. Ẹnì kan ló gbaṣẹ́ náà, ó kọ́ ọ, ó gbowó rẹ̀, ó lọ, kó tó di pé wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tajà níbẹ̀ ò le: ó jìnnà sí omi. Níbi tí kò sí mọ́tò, tí kò sí afárá, ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ni ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbé igbá ẹja kúrò létí omi lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kó tún gbé e padà wá fún oníbàárà tó ń kánjú àtiwọkọ̀ lọ sí Mile 2?

Ọ̀sà iwájú wa ló gùn láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tó sì tẹ̀ síwájú dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Odò Yewa ń ṣàn sínú rẹ̀. Ògù (Ẹ̀gùn), Àwórì àti Ìlàjẹ ló jọ ń gbé erékùṣù náà. Ọkùnrin ń pẹja, obìnrin ń yan án, obìnrin náà ló sì ń tà á. Lọ́rọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ńlá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ti ẹja tútù, ní kùtù hàì. Owó iṣẹ́ wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ erékùṣù tó wà nígboro, àwọn ẹlẹ́ja sì fi owó àjọ kún un. Kò pọ̀. Torí náà, ohunkóhun tí a bá yà sórí pépà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni yóò máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Kíka òpó

Kí n tó fa ìlà kankan, mo fẹ́ mọ ibi tí omi ń dé. Òpó mẹ́ta ṣẹ́kù lára èbúté àtijọ́ tó ti wó. Nígbà tí omi fà, mo sún mọ́ èyí tó nípọn jù. Nísàlẹ̀, igi náà dúdú, ó ti rà débi pé èékánná ń wọ inú rẹ̀. Kòkòrò inú omi ti lu ú ní ihò wẹ́wẹ́. Lókè ibẹ̀ ni ìkarahun funfun kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn yíká, ẹnu wọn mú bí abẹ: ibi tí omi ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọ̀ ewé tútù ló tẹ̀lé e. Lókè gbogbo rẹ̀ ni ìlà erùpẹ̀ pupa kan wà, tó tín-ín-rín, tó ti gbẹ.

Bàbá ọlọ́kọ̀ tó mú mi débẹ̀ fi àjẹ̀ rẹ̀ kan ìlà pupa náà. “Ẹnjiníà, omi oṣù Kẹwàá nìyí. Omi òkè ló ń gbé pupa wá.”

(Ayàwòrán ilé ni mí. Mo ti ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, Ẹnjiníà.)

Ohun tí bàbá sọ ló jẹ́ kí n lóye ọ̀sà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń tì í sókè tó tún ń fà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Èyí tó le ni ti àkókò òjò. Bí òjò bá ti rọ̀ lókè, tí àwọn odò dà sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ọ̀sà yóò kún, iyọ̀ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tó bá di oṣù Kejì sí Kẹta, omi ti lọ sílẹ̀, iyọ̀ ti padà, kòkòrò tó ń jẹ igi náà sì ti padà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ibi tí omi ń sálẹ̀ sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn dé ìlà pupa yẹn, téèpù wa fi mítà 1.2 hàn. Orí nọ́ńbà yìí ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Iyàn lórí gíga ilẹ̀

Ìgbìmọ̀ erékùṣù fẹ́ ilẹ̀ onísimẹ́ńtì tó ga, tó dúró gbọn-in, bíi ti àwọn èbúté tí wọ́n ń rí nígboro: ògiri tó lọ sísàlẹ̀ tààrà, àkàbà irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìdí. Ó ń fi hàn pé ìlú ti lajú. Baálẹ̀ fara mọ́ ọn, àwọn ọ̀dọ́ náà fara mọ́ ọn. Ìyálọ́jà ló dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò máa gbé igbá ọ̀bọ̀kún gun àkàbà yẹn nínú oṣù Kẹta, tí omi ti sá lọ sísàlẹ̀? Ẹ̀yin ọkùnrin ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. “Ọmọ mi, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wá síbi tí a ti ń tà láàárọ̀, kóo wá wo bí a ṣe ń ṣe é.”

Ohun tí mo rí ni pé ọjà wọn kì í dúró lójú kan. Èbúté wọn jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníyanrìn. Níbi tí omi bá dé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń gbé igbá kalẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, kí ọkọ̀ lè fi imú kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi fà, ó sún sísàlẹ̀. Omi kún, ó sún sókè. Àwọn kan ò tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀: inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ta edé àti akàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà orí omi Ganvié, lórí adágún Nokoué ní Benin. Ẹ̀kọ́ tí mo gbà nípa ọjà nílé ìwé kò kan èyí rárá. Níbẹ̀, ìsọ̀ ni a ń yà, a ó sì máa ka iye ìsọ̀.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí: àtẹ̀gùn ni ọjà, òrùlé ni ibi ìsinmi. Àtẹ̀gùn gbọọrọ, tó gba gbogbo gígùn ilé náà, tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi. Gíga ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ milimítà 150, kí aláboyún àti àgbàlagbà lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 600, kí ènìyàn lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú igbá, kí ẹlòmíràn sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ìpele mẹ́jọ ló kárí mítà 1.2 tí omi ń rìn láàárín ọdún. Mẹ́ta lókè wọn gbé ilẹ̀ abẹ́ òrùlé sókè ju ìlà pupa lọ ní milimítà 450. Méjì wà nísàlẹ̀ omi láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, kí imú ọkọ̀ má baà máa gbẹ́ ìdí iṣẹ́ náà. Àkàbà irin kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí ló dé tí a ò kọ́ èyí tí yóò léfòó, bíi ti Makoko. Ìbéèrè gidi ni. Ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yà, tí wọ́n parí ní 2013, jókòó lórí àgbá rọ́bà bíi 256, ó ń bá omi lọ sókè, ó ń bá a bọ̀ nísàlẹ̀. Ìṣòro mítà 1.2 wa kò lè bá irú ilé bẹ́ẹ̀ jà. Ó wó nínú òjò ńlá ní oṣù Kẹfà 2016. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún yẹn kan náà ni irú rẹ̀ kejì gba àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Fàdákà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó bá léfòó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ okùn rẹ̀ wò, kó máa yẹ àgbá rẹ̀ wò, lójú òjò, lójú oòrùn, láìsinmi. Níhìn-ín, ta ni yóò máa sanwó fún onítọ̀hún? Ọmọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò san án.

Gígùn ọkọ̀ ló ń yàwòrán

Gbogbo ohun tí a ó fi kọ́lé, ọkọ̀ ni yóò gbé e wá. Ọkọ̀ onígi tó ń bá wa kẹ́rù gùn tó mítà mẹ́sàn-án. Irin róòdù ń gùn ní mítà 12. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ po méjì, ṣùgbọ́n àtitún un nà lórí erékùṣù láìjẹ́ kó wọ́ jẹ́ iṣẹ́ òpò. Pákó tí a ń rà nígboro, ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wọ́pọ̀, ìyẹn bíi mítà 3.6. Torí náà, mítà 3.6 ni mo fi sáàárín òpó kan sí èkejì, jákèjádò ilé. Àlàfo mẹ́jọ ní gígùn, méjì ní ìbú. Káfíńtà kò ní gé pákó kan ṣòfò, kò sì ní so pákó méjì pọ̀ láàárín òfuurufú.

Fún òpó, ẹkì ni a kọ́kọ́ ń wá, nítorí ìwọ̀nba ni kòkòrò ń rí i ṣe. Igi náà wúwo débi pé bó bá bọ́ sómi, ó rì nìyẹn. A ò lè so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí a máa fà á lórí omi bí àwọn onígẹdú ti ń ṣe sí àwọn igi mìíràn. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe eré. Ọpẹpẹ ni a padà rà: òun náà lágbára nínú omi, ó sì ṣeé gbé. A ò sì kan òpó kankan mọ́lẹ̀ nínú omi. Gbogbo wọn wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lórí ìdí kọnkéré tó yọrí sókè, kí a lè yọ ọ̀kan kúrò lọ́jọ́ tó bá rà láìfọwọ́ kan èkejì.

Àtẹ̀gùn ni mo ń fi ọkàn sí jù. Omi oníyọ̀ máa ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti kan irin, irin á dípẹtà, á wú, á la kọnkéré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èbúté fi ń ya láàárín ọdún díẹ̀, tí róòdù pupa ń yọ jáde lára wọn. Fún ìdí yìí, a ò fi irin sínú àtẹ̀gùn rárá. Búlọ́ọ̀kù kọnkéré lásán ni, tí a dà sínú àpótí pákó lórí erékùṣù: 600 sí 500, nínípọn 150. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kìlógíráàmù 108. Ọkùnrin mẹ́rin á fi igi méjì gbé e, wọ́n á máa kọrin lọ. Abẹ́ wọn ni àpò tí a po yanrìn gbígbẹ mọ́ símẹ́ńtì sínú rẹ̀, tí a tò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ló rin ín tó fi dì. Bí ìpele kan bá rì, a ó hú u, a ó fi yanrìn kún abẹ́ rẹ̀, a ó dá a padà. Bíríkìlà wa ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní kọnkéré tí kò nírin nínú, àgbéṣe wo nìyẹn. Lẹ́yìn tí ó fọwọ́ fọ́ ẹ̀yà èbúté oníkọnkéré àtijọ́ kan bí ẹni ń ya búrẹ́dì, tó rí róòdù inú rẹ̀ tó ti di ìpẹtà, ó dákẹ́.

Níbi tí irin pọn dandan, ìyẹn ìdí òpó, a fi bískíìtì (ègé kọnkéré kékeré) onímilimítà 75 sábẹ́ róòdù kó má baà sún mọ́ ojú kọnkéré, a sì gbé omi kànga wá láti òkè ọ̀hún. Omi kànga erékùṣù níyọ̀ díẹ̀. Fún búlọ́ọ̀kù àtẹ̀gùn, a lò ó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí irin tí yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀tẹ̀rẹ̀: kọnkéré tó bá wà nínú omi á hu ohun aláwọ̀ ewé, ènìyàn á ṣubú. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ lásán ni a lò. Kí kọnkéré tó dì, wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa ìlà jinlẹ̀jinlẹ̀ sójú rẹ̀, ní ìdábùú ibi tí ẹsẹ̀ ń kọ sí. Àwọn ọmọdé ló ṣe èyí tó dára jù, nítorí wọ́n ń fi í ṣeré. Ìpele kan wà tí orúkọ ẹnì kan hàn lára rẹ̀ kedere.

Òrùlé

Òrùlé fẹ̀ jáde ju òpó lọ ní mítà 1.8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn òjò ti ń wá, ó sì ń gbé òjò náà wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Oòrùn ńkọ́? Ní ìhín, nínú oṣù Kẹfà, oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí apá àríwá wa; nínú oṣù Kejìlá, ó wà ní gúúsù. Ẹni tó bá ṣíji fún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìdajì ọdún ló ṣíji fún. Ìjì tó ń ṣí òrùlé kì í sì í ṣe ti àárín òjò. Èyí tó ń ti ìlà oòrùn wá lójijì ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀. Wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti rì sínú síǹkì de igi òrùlé mọ́ òpó níbi gbogbo tí wọ́n ti pàdé. Ìṣó nìkan ò tó. Páànù alumíníọ̀mù ni a lò. Ó wọ́n ju ti síǹkì lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ afẹ́fẹ́ kì í tètè mú un.

Òrùlé yìí bo ilẹ̀ tó tó mítà 350 níbùú-lóròó, ìyẹn ni pé bí òjò milimítà 10 bá rọ̀, lítà 3,500 ló bọ́ lé e lórí. Mo sọ èyí ní ìpàdé, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Omi mímu ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá nínú jẹ́ríkéènì, wọ́n ń rà á. Kò sí ẹni tó tún béèrè ìdí tí gọ́tà fi wà nínú owó iṣẹ́. Táǹkì rọ́bà dúdú onílítà 5,000 mẹ́rin ni a tò sí ẹ̀yìn. Òjò ńlá kan tó tó milimítà 60 lè kún gbogbo wọn. Páìpù kan wà tó ń kọ́kọ́ gba omi àkọ́rọ̀ dànù, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ àti èéfín wà lórí páànù. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún ṣì gbọ́dọ̀ sè é. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára táǹkì, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ lédè Ògù pẹ̀lú.

Èéfín, ewéko, ìgbẹ́

Àwọn obìnrin fẹ́ kí ààrò ìyanja wà nítòsí, kí ẹja tí kò bá tà láàárọ̀ lè bọ́ sórí iná kíá. Èmi ò fẹ́ èéfín lábẹ́ òrùlé. A fi ààrò sí apá àríwá ìlà oòrùn, kí atẹ́gùn òkun lè máa gbé èéfín lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, yóò yí padà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì hukọ́. Ìyálọ́jà ní àwọn ti ń wúkọ́ tipẹ́. Ààrò tí a mọ jẹ́ irú ti Chorkor, ní Accra, tí wọ́n ti ń lò ní Ghana láti bí ọdún 1970: àpótí amọ̀ gígùn, àtẹ àwọ̀n tó tò léra wọn lórí rẹ̀. Igi tó ń jẹ kò pọ̀, ojú ìyàwó ilé ò sì wọ inú iná.

Koríko ojú omi olódòdó aró jẹ́ ìyọnu tirẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ojúoró àti òṣíbàtà tí àwọn bàbá wa mọ̀. Gba inú ọ̀sà Àgbádárìgì yìí gan-an ló fi wọ Nàìjíríà ní 1984, láti Benin. Iyọ̀ ń pa á nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà òjò, ó lè dí èbúté pa mọ́jú. A so ọparun léra wọn, a dá a dábùú apá ibi tí omi òkè ti ń wá, kí koríko lè yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ti ilé ìyàgbẹ́, a ò lè gbẹ́ ṣáláńgá, omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ilé gíga onígbígbẹ ni a kọ́, ìtọ̀ lọ́tọ̀, ìgbẹ́ lọ́tọ̀, eérú láti ààrò ìyanja ni a ń dà lé e. Eérú ò lè wọ́n wọn láéláé.

Ìwé àṣẹ

Fún ohunkóhun tó bá kan etí omi, àjọ méjì ló ń bójú tó ọ̀nà omi: NIWA ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1997, LASWA ti Èkó wà láti 2008. Àwọn méjèèjì jọ fa ọ̀rọ̀ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ fún NIWA ní oṣù Kìíní 2024. Ẹ kọ ìwé yín kí ẹ tó ra símẹ́ńtì.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Àtẹ̀gùn ti parí àyàfi apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ìgbì ọkọ̀ fáíbà ti ń gbá ìdí rẹ̀. A so táyà àlòkù mọ́ igi níbẹ̀, a sì bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n máa dín eré kù. Àwọn kan ń dín in kù. Òrùlé ti wà lókè, táǹkì méjì ti ń gba omi, méjì ń dúró de páìpù. Àpótí onítìmùtìmù fún yìnyín kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn ẹlẹ́ja ní àwọn làwọn dáwó gọ́tà. Wọ́n ti fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn tí ẹja bá tán.